Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Ọmọ Tí Etí Rẹ̀ Kò Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Dáadáa Nínú Kíláàsì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìkòròdú. Ọmọ méjì tí etí wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa wà ní kíláàsì mi, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ mi bí a ṣe ń kọ́ irú wọn. Níbo ni mo ti lè rí ìrànlọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Olùkọ́ wa. Òfin àpapọ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní 2019, sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó mọ bí a ṣe ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. (Bóyá wọ́n ní in, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.) Nítorí náà, kí ọ̀gá yín kọ̀wé sí LASODA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aláàbọ̀ ara. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, wà ní ìlú Ọ̀yọ́.

Kí ìyẹn tó bọ́ sí i, ẹ rọ àwọn òbí kí wọ́n gbé àwọn ọmọ náà lọ fún àyẹ̀wò etí, nítorí etí tó ń ṣọyún tàbí tí ìdọ̀tí dí lè fa irú ìṣòro yìí, ó sì ṣeé tọ́jú. Ẹ fi wọ́n sí ìjókòó iwájú, ẹ kọjú sí wọn bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ má sì máa sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sójú pátákó. Ẹ má pariwo mọ́ wọn, nítorí ariwo máa ń yí bí ètè, tí wọ́n ń wò láti mọ ohun tí ẹ ń sọ, ṣe ń rìn padà.