Kí ẹ tó ra ìwé Sanskrit kẹrin

Ẹ ní ẹ ń kọ́ Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Índíà, ẹ ti ra ìwé Coulson, ẹ ti ra gírámà Whitney, ẹ sì ti ra ìwé atúmọ̀ èdè Monier-Williams tí ó wúwo bí búlọ́ọ̀kù, síbẹ̀ oṣù mẹ́rin ti kọjá, ẹ kò tíì lè ka gbólóhùn kan láìwo ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ẹ béèrè: ìwé wo ni kí ẹ tún rà, ṣé dandan ni kí ẹ kọ́ Devanagari, lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ ọ́, àti ṣé etí Yorùbá wa, tí ó mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, kò ní mú kí èdè náà rọ̀ wá lọ́rùn. Ó gbà mí ní ọdún mẹ́ta kí n tó mọ ìdáhùn sí wọn, nítorí pé ọ̀nà tí ẹ ń tọ̀ yìí gan-an ni mo kọ́kọ́ tọ̀.

Ọdún 2013 ni mo dé ìlú Pune ní Índíà láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa oògùn pípò. Bàbá tí ó ni ilé tí mo ń gbé máa ń ka ṣílókà, ewì Sanskrit, sókè ní ìdájí kí ó tó fẹnu kan nǹkan, n kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, àmọ́ bí ó ṣe ń lọ ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé wọ̀ mí lára. Mo ra ìwé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó táábù sórí. Ipò 24 ni a máa ń to ọ̀rọ̀-orúkọ kan sí nínú Sanskrit, nítorí pé iṣẹ́ mẹ́jọ ni ó lè ṣe nínú gbólóhùn, èdè náà sì ń ka ẹyọ kan, ó ń ka méjì lọ́tọ̀, kí ó tó wá ka ọ̀pọ̀. Bí ẹ bá jí mi lóru, mo lè ka gbogbo ipò deva, tí í ṣe òrìṣà, láìkọsẹ̀. Nígbà tí mo wá ṣí ìtàn gidi, n kò rí devaḥ tí mo kọ́ sórí. Devo ni mo ń rí, tàbí devaś, tàbí devas, tàbí deva lásán, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Sandhi, ìyípadà tí ń bá ìró nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì bá pàdé, ni orúkọ ohun tí ó dá mi dúró yìí, òun náà ni mo sì fura pé ó dá yín dúró. Kò yẹ kí ó ṣe àjèjì sí wa. Ra ẹja di rẹja lẹ́nu wa, gbé odó di gbódó, a sì mọ̀ láìronú pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé àwa lè sọ ọ́ pọ̀ kí a sì kọ ọ́ lọ́tọ̀ bí ó bá wù wá, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ Sanskrit a máa kọ ọ́ bí ẹnu ṣe pè é. Na àti iti di neti. Tatra àti eva di tatraiva. Devaḥ àti gacchati di devo gacchati. Ẹni tí kò bá lè tú u kò ní mọ ọ̀rọ̀ tí yóò wá nínú ìwé atúmọ̀ èdè rárá, táábù 24 yẹn kò sì lè gbà á. Ẹ má kó gbogbo òfin sandhi sórí lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń kó òfin ìrìnnà. Ẹ kọ́ mẹ́fà tàbí méje tí ó wọ́pọ̀, pàápàá jù lọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí aḥ ní ìparí ọ̀rọ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn. Àwọn yòókù yóò bá yín lójú ọ̀nà.

Ìwé atúmọ̀ èdè náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Odidi ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo fi wá uvāca lábẹ́ u, ọ̀rọ̀ tí ó kún inú ìtàn bí iyọ̀ ṣe ń wà nínú ọbẹ̀, kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé ó sọ ni ìtumọ̀ rẹ̀, àti pé abẹ́ vac, gbòǹgbò rẹ̀, ni ó wà. Bákan náà ni gacchati wà lábẹ́ gam, tiṣṭhati sì wà lábẹ́ sthā. Monier-Williams ti ọdún 1899 dára púpọ̀, àmọ́ ẹni tí ó bá ti mọ gbòǹgbò ni ó ṣe é fún. Ẹ kò sì nílò láti máa gbé e kiri: ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Yunifásítì Cologne ní Jámánì, pẹ̀lú ìwé Apte àti àwọn mìíràn, ẹ ó sì rí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ kíákíá. (Ní Pune níbẹ̀, ní Deccan College, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè Sanskrit ńlá kan ní 1948, ìdìpọ̀ tí ó lé ní 30 ti jáde, wọn kò sì tíì kúrò lórí lẹ́tà a. Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni mo dẹ́kun àtimáa bá ara mi jà pé mo ń fà.)

Ibí ni ọ̀rọ̀ Devanagari ti wọlé. Dandan ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni yóò sì gbà yín bí ẹ bá ń fi ọwọ́ kọ ọ́ lójoojúmọ́. Kódà bí ẹ bá fẹ́ máa ka lẹ́tà Róòmù nìkan, bí Devanagari ṣe to lẹ́tà ni ìwé atúmọ̀ èdè ṣe tò ó: fáwẹ́lì síwájú, lẹ́yìn náà lẹ́tà ka láti ọ̀nà ọ̀fun, ó ń bọ̀ wá síwájú ẹnu títí yóò fi kan lẹ́tà pa tí ètè ń pè. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nípa p yẹn. Ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló jọ ń pe p tiwa, ṣùgbọ́n ètè nìkan ló ń pe tiwọn. Mo pe putra, tí í ṣe ọmọkùnrin, bí ìgbà tí mo ń pe pupa, bàbá onílé mi sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ti etí Yorùbá, èmi náà fi í yangàn, ó sì já mi kulẹ̀. Ohùn wà nínú Rigveda, àkójọ orin ìsìn àtijọ́ wọn, lóòótọ́: wọ́n ń fa ìlà sábẹ́ sílébù tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n ń fa ìlà òòró sórí èyí tí ohùn rẹ̀ ń yọ́ bọ̀ nílẹ̀, wọn kì í sì fi àmì sí ohùn òkè gan-an, gẹ́gẹ́ bí àwa kì í ṣe fi àmì sí ohùn àárín. Ṣùgbọ́n Sanskrit ti ìtàn àti ti eré, èyí tí ẹ fẹ́ kà, ti sọ ohùn yẹn nù. Gígùn àti kíkúrú fáwẹ́lì ni ó kù, èmi sì rèé, mo ń gbé ohùn sókè níbi tí ó yẹ kí n ti fà á gùn. Ẹ wo bí ìtàn Nala nínú Mahabharata, ìtàn akọni gígùn ti Índíà, ṣe bẹ̀rẹ̀: āsīd rājā nalo nāma vīrasenasuto balī. Ọba kan wà tí ń jẹ́ Nala, ọmọ Vīrasena, alágbára. Suta kúkúrú ni ọmọ. Sūta gígùn ni awakọ̀ ẹṣin. Mo fa u náà gùn, mo sì sọ ọmọ ọba di awakọ̀ bàbá rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo ka ìtàn náà síwájú tí mo rí i pé Nala padà di awakọ̀ fún ọba Ayodhyā.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo lò lórí ìlà yẹn nìkan, ó sì kọ́ mi ju táábù oṣù mẹ́jọ lọ. Āsīd, āsīt ni kí ó tó bá r pàdé. Nalo, nalaḥ ni. Suto, sutaḥ ni. Sílébù 16 ni gbogbo rẹ̀, mẹ́jọ-mẹ́jọ lọ́nà méjì. Bí ẹ bá kà á sókè tí ó dín tàbí tí ó lé, ibì kan wà tí ẹ ti ṣi ọ̀rọ̀ pè.

Nítorí náà, ìwé kan ṣoṣo ni mo lè ní kí ẹ fi kún tiyín, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀ lé e lórí: ìwé kíkà Lanman ti ọdún 1884, tí ó ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ìtàn Nala ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ìtàn náà sì wà lẹ́yìn ìwé pẹ̀lú àlàyé. Coulson, tí ó jáde ní 1976, ní ìdáhùn sí iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́yìn, ìyẹn ló sì mú kí ó ṣe é lò fún ẹni tí kò ní olùkọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń da ọ̀rọ̀ léni lórí bí òjò. Bí ó bá ti le jù fún yín, ìwé Ruppel ti 2017 rọ̀ jù ú lọ. Whitney kì í ṣe ìwé tí à ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú rẹ̀ ni kí ẹ ti máa wá ohun kan nígbà tí ẹ bá há. Ẹ̀rọ kan tún wà lórí ìkànnì Sanskrit Heritage ti Gérard Huet ní Faransé tí ń tú sandhi, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín tú u, nítorí pé ọ̀nà púpọ̀ ni ó máa ń là sílẹ̀, ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà kò sì ní mọ èyí tí yóò yàn.

Ní ti kíláàsì, mo ti sanwó oṣù mẹ́ta rí fún ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò kọ́ wa ju àdúrà kíkà lọ. Ti Samskrita Bharati, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bengaluru ní 1981, ṣe mí láǹfààní ju ìyẹn lọ: ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń kọ́ni ní sísọ. Wọ́n ń lo bhavān fún ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ bí ẹ tiwa, ìyẹn sì tètè wọ̀ mí lẹ́nu. Àmọ́ ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó rọrùn ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Uvāca kò sí níbẹ̀, inú Nala ni ẹ ó ti pàdé rẹ̀.

Ẹ mú ìlà mẹ́rin lọ́sẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní Devanagari, kí ẹ tú sandhi rẹ̀ sí abẹ́, kí ẹ tó wo ìtumọ̀ èyíkéyìí. Ibi tí ó bá ti há yín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ bí ẹ ṣe tú u gan-an pẹ̀lú àṣìṣe inú rẹ̀, kì í ṣe ìtumọ̀ tí ẹ rí níbòmíràn, kí n lè rí ibi tí ẹ ti yà.