Kí ni "Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà" ń sọ nípa jẹjẹrẹ?

Ìbéèrè yín ni pé, nígbà tí jẹjẹrẹ ọmú mú àǹtí yín, ẹnìkan nínú ẹbí pa òwe pé "Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà", ni gbogbo ojú bá yí sí ìyàwó ilé kan. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí òwe náà wí nìyẹn.

Lóòótọ́, ọ̀tá ilé la sábà ń fi í bá wí, bíi ti "Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani." Àmọ́ ẹ wo obì fúnra rẹ̀. Láti oko ni kòkòrò ti ń yé ẹyin sínú rẹ̀ kí wọ́n tó ká a. Inú ibẹ̀ lọmọ rẹ̀ ti ń jẹ, tó ń dàgbà. Ara obì lè máa dán lójú ẹni tó rà á lọ́jà, àfìgbà tó bá pa obì náà tán. Kò sẹ́ni tó rán an sí i.

Bí jẹjẹrẹ ṣe rí gan-an nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì ara ẹni ni, tí ohun tó ń darí ìdàgbàsókè rẹ̀ ti bàjẹ́, tó wá ń pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró. Nítorí pé ọmọ ilé ni, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbèjà ara kì í tètè fura sí i. Ìyàwó yẹn ò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹbí.

Ohun tó wú mi lórí ni pé àwọn onímọ̀ ti ń lo ọgbọ́n kòkòrò yìí láti bá jẹjẹrẹ jà. Lọ́dún 2011, Liangfang Zhang àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní San Diego mú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ eku, wọ́n kó o sínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré títí ó fi wú tó sì bẹ́, wọ́n fọ ohun inú rẹ̀ dànù, wọ́n wá fi awọ tó kù bo horo tíntìntín tó lè gbé oògùn. Àmì kan tí wọ́n ń pè ní CD47 wà lára awọ náà, òun ló ń sọ fún àwọn agbèjà ara pé, "Tiwa ni, ẹ má jẹ ẹ́." Horo tí wọ́n fi awọ bò yìí sì pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ eku ju èyí tí wọn ò fi awọ bò lọ. Nígbà tó di 2014, awọ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi bò ó. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a máa lẹ̀ mọ́ irú ara rẹ̀, horo tó bá wọ awọ rẹ̀ náà á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rò ó pé àwọn lè gba awọ lára kókó jẹjẹrẹ aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí oògùn lè jẹ́ tirẹ̀ gan-an.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ṣì wà ní yàrá àyẹ̀wò àti lára eku. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń tà á fún àǹtí, ẹ má fowó sílẹ̀ o. Ìtọ́jú tí dókítà ti bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n máa bá lọ.