Fóòmù kò lè tún sítáǹdì wíwọ́ ṣe

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ra táǹkì ẹja onígíláàsì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 90 sẹ̀ǹtímítà, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ 45. Sítáǹdì tẹlifíṣọ̀n wa fi díẹ̀ kúrú sí i, ẹ̀gbẹ́ kan sì relẹ̀. Káfíńtà ní kí n tẹ́ fóòmù méjì sábẹ́ táǹkì, pé yóò dọ́gba. Irú fóòmù wo ni kí n rà? Inú báàfù ni àwọn ẹja náà ṣì wà.

Ìdáhùn: Ẹ má ra fóòmù kankan, mà. Sítáǹdì ni kí ẹ wá.

Lítà omi kan, kílò kan ni. Táǹkì yín ń gbà tó 180 lítà. Tí ẹ bá ka gíláàsì fúnra rẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, ó ti súnmọ́ àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún, tọ̀sán tòru, lórí pákó tí wọ́n kàn fún tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀rọ̀ fóòmù yìí ti sú mi, torí àwọn tó ń ta táǹkì gan-an ló ń fi kọ́ èèyàn. Iṣẹ́ fóòmù kò ju pé kí hóró yanrìn tó bá há sábẹ́ gíláàsì má baà là á. Bí omi bá ti kún, ìwúwo á tẹ fóòmù náà pẹlẹbẹ, wíwọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Gíláàsì kì í tẹ̀ bí igi. Bí igun kan bá relẹ̀, sílíkóònù, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó so gíláàsì pọ̀, ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Kì í sábà ya lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Mo ti bá oníbàárà kan ṣa ẹja nílẹ̀ pálọ̀ rí ní ìdájí, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí táǹkì rẹ̀ ti dúró. Fóòmù méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Tí tiyín bá sì ní férémù rọ́bà nísàlẹ̀, kò gbọdọ̀ rí fóòmù rárá, torí fóòmù á máa ti gíláàsì àárín sókè.

Ti kíkúrú kò lẹ́jọ́: etí táǹkì onígíláàsì kò gbọdọ̀ yọ síta sítáǹdì.

Ẹ lọ bá jórinjórin, kó fi irin onígun jó férémù tó bá ìdí táǹkì mu rẹ́gí, kó sì fi pílíwúùdù tó nípọn tó mìlímítà 18 bò ó, kí wọ́n kùn ún. Ẹ má gba pákó oníyẹ̀fun igi. Bí omi bá kán sí i, á wú bíi búrẹ́dì. Ẹ yá lẹ́fẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ bíríkìlà, ẹ gbé e sí gígùn, ìbú àti láti igun sí igun. Ibi tó bá relẹ̀, abẹ́ ẹsẹ̀ sítáǹdì ni kí ẹ ti fi nǹkan líle gbé e, kì í ṣe abẹ́ táǹkì. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ fi rúlà wọn ún ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí kò bá dọ́gba, ẹ gbọ́n ọn dànù, kí ẹ tún un ṣe.

Tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó lẹ ń gbé, mi ò lè ti ibi tí mo wà sọ pé ilẹ̀ yín gbà á. Ẹ pe kọ́lékọ́lé kó wò ó kí ẹ tó pọn omi. Ní ti àwọn ẹja, ẹ máa pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi báàfù wọn lójoojúmọ́, wọ́n á dúró de jórinjórin.