Omíyalé àti òtútù ní Tewkesbury

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè ohun tó fà á tí omi fi ń yalé ní Tewkesbury, ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti bóyá òtútù ibẹ̀ ò ní pọ̀ jù fún màmá tó ń bọ̀ lóṣù Kejìlá.

Ibi tí wọ́n tẹ ìlú náà dó sí ló fà á. Odò Severn ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè Wales, odò Avon ń ti Stratford bọ̀ (kì í ṣe Stratford ti London o), ẹ̀gbẹ́ ìlú yìí gan-an ni wọ́n ti pàdé. Òjò lè má kán sílẹ̀ níbẹ̀ rárá, kí odò ṣì kún lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, torí òjò Wales ló ń dé. Pápá Severn Ham ló máa ń kọ́kọ́ gba omi náà; koríko á pòórá, orí igi nìkan lẹ ó máa rí. Ti oṣù Keje 2007 burú jọjọ. Omi yí ìlú ká bí erékùṣù, ó wọ ilé-iṣẹ́ omi Mythe, nǹkan bí 350,000 ènìyàn ni ò rí omi ẹ̀rọ lò.

Òtútù ibẹ̀ mọ níwọ̀n, yìnyín kì í sì í pọ̀. Ọ̀rinrin ló ń wọni léegun. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nilẹ̀ ti ń ṣú lóṣù Kejìlá, torí náà ẹ ra kóòtù àti bàtà tómi ò lè wọ̀ fún màmá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ háyà ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ máàpù omíyalé tí ìjọba gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì wò kẹ́ ẹ tó sanwó.