Àsùbáà ni iṣẹ́ ń pọ̀ jù, aago mẹ́jọ ni òṣìṣẹ́ ń dé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo dá sílẹ̀ ní Tankẹ, Ìlọrin níbí. Àgbà 16 ló wà lọ́dọ̀ wa, mẹ́rin nínú wọn kò sì lè dìde lórí ibùsùn. Òṣìṣẹ́ 12 ni mo ní nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ku mẹ́sàn-án: nọ́ọ̀sì mẹ́ta àti olùtọ́jú mẹ́fà. Méjì ti lọ sí Ìlú Ọba, ẹnì kan sì rí iṣẹ́ ìjọba. Wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni àdéhùn wa. Ẹni mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago méjì, ẹni méjì ń gbà á lọ́wọ́ wọn di aago mẹ́jọ alẹ́, ẹni méjì sì ń ṣe ti òru mọ́jú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ráhùn pé ó ti rẹ àwọn, àwọn ẹbí ń ráhùn pé a kì í tètè dá àwọn òbí àwọn lóhùn. N kò ní owó tí mo lè fi gba ẹni mẹ́ta mìíràn. Kí ni kí n ṣe? — Alhaja kan, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá, Alhaja. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jọ ṣírò ohun tí ẹ kọ. Rósítà yín ń béèrè wákàtí 18 ní àárọ̀, 12 ní ọ̀sán àti 24 ní òru, èyí tí ó jẹ́ 54 lójúmọ́ àti 378 lọ́sẹ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe wákàtí 40 kò sì lè fún yín ju 360 lọ. Ara àwọn òṣìṣẹ́ ni ẹ ti ń yọ wákàtí 18 tó ṣẹ́kù, ọ̀sẹ̀ tí ibà kò ṣe ẹnikẹ́ni tí ẹnikẹ́ni kò sì lọ sí ìnáwó ni mo sì ń sọ yẹn. Ẹ má ṣe pe ìráhùn wọn ní ọ̀lẹ.

Síbẹ̀, ipò yín kò burú tó bí ẹ ṣe rò. Bí a bá pín wákàtí 360 náà fún àgbà 16, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wọn gbé òfin jáde ní 2024 lórí iye òṣìṣẹ́ tó yẹ kí ó wà ní irú ilé báyìí, wákàtí 3.48 fún àgbà kan lójúmọ́ ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Àwọn onílé ìtọ́jú fi igbe ta pé àwọn kò lè rí òṣìṣẹ́ tó, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ kan ní Texas wọ́gi lé e ní 2025. Lójú tèmi, ìṣòro yín kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú iye wákàtí tí ẹ ní. Inú ibi tí ẹ ń ná an sí ló wà.

Ẹ̀yin náà mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ nílé àgbà ní Ìlọrin. Kí aago márùn-ún tó lù ni Baba kan ti ń pè pé kí wọ́n wá mú òun lọ sí ilé ìtọ̀, ìyá kejì ti ń wá omi àlùwàlá, pámpásì àwọn tí kò lè dìde ti kún, ẹlòmíràn sì ti fẹ́ dá dìde nítorí pé ó gbọ́ ìpè ìrun, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Irú àkókò yìí ni àgbà ń ṣubú. Ẹni méjì péré tí wọn kò sì sùn láti àná ló wà nílẹ̀ láti ṣe gbogbo èyí. Nígbà tí ó bá fi di aago mẹ́jọ, wọ́n ti kírun, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti ń mu ògì, ìgbà náà gan-an ni ẹni mẹ́ta ń wọlé tara wọn gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ yọ ẹni kẹta yẹn kúrò nínú iṣẹ́ àárọ̀. Bí ẹni méjì bá wà nílẹ̀ tọ̀sán tòru, wákàtí 336 ni yóò gbà lọ́sẹ̀, wákàtí 24 yóò sì ṣẹ́kù sọ́wọ́ yín fún ìgbà tí ara ẹnì kan kò bá dá. Lẹ́yìn náà, ẹ wá obìnrin méjì ládùúgbò, àwọn tí ilé wọn kò ju ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ, kí wọ́n máa pín iṣẹ́ aago mẹ́rin ààbọ̀ sí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ láàárín ara wọn. Wákàtí 35 ni fún àwọn méjèèjì lọ́sẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó owó oṣù òṣìṣẹ́ kan. Wọn kò ní láti jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé ènìyàn láìfa apá rẹ̀ ya, àti bí a ṣe ń fọ ọwọ́ láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì. Ní ti àwọn mẹ́rin tí kò lè dìde, ẹ pe ààfáà kí ó wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí tàyámọ́mù, èyí tí a ń fi erùpẹ̀ ṣe dípò omi. Ọ̀pọ̀ àgbà kò ní gbà á lẹ́nu òṣìṣẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n bí ààfáà bá sọ ọ́, ọkàn wọn yóò balẹ̀.

Lẹ́yìn rósítà, ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yín. Mo ti bá ilé kan ṣiṣẹ́ rí ní gúúsù Kwara, níbi tí ọ̀gá ti máa ń ti pámpásì àti aṣọ ibùsùn mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù nítorí olè, tí kọ́kọ́rọ́ sì ń wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àgbà. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní òru ọjọ́ kan, mo sì ń fa ìlà sínú ìwé: ìgbà mọ́kànlá ni olùtọ́jú kan rìn láti yàrá ìkángun dé ọ́fíìsì nítorí kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ìgbà kan wà tí nọ́ọ̀sì náà wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀, tí ó sì ní láti dúró dè é. A kò gba ẹnikẹ́ni sí i. Apẹ̀rẹ̀ la rà, a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí yàrá kọ̀ọ̀kan, a ń ka iye tí òru kan yóò lò sínú rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ń lọ sílé láàárọ̀ a sì ka èyí tó kù fún ẹni tó ń wọlé. Olè kò pọ̀ sí i. Ẹ̀yin náà ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta ka ìrìn àwọn tiyín.

Ti yíyí àwọn tí kò lè dìde padà ni èyí tí n kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré, nítorí pé egbò ìdùbúlẹ̀ kan lè gba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àgbà 16 ló nílò rẹ̀. Ní 1962, nọ́ọ̀sì ará Ìlú Ọba kan, Doreen Norton, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí ó ṣì wúlò dòní: ẹ ó wo bí ara ẹni náà ṣe le sí, bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe jí sí, bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe lè yí ara rẹ̀ padà, àti bóyá ó lè mú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì kan sí mẹ́rin, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20, ẹni tí ó bá sì gba 14 tàbí iye tí kò tó bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kó agbára lé lórí. Wákàtí méjì méjì ni a kọ́ wa láti máa yí wọn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílé àwọn arúgbó ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí ó jáde ní 2013, fi hàn pé lórí fóòmù tó ki dáadáa, wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò mú egbò pọ̀ ju wákàtí méjì lọ. Fóòmù tó ki ni mo wí o, kì í ṣe èyí tí àárín rẹ̀ ti jìn bí abọ́. Bí tiyín bá jìn, ẹ ra tuntun fún àwọn mẹ́rin yẹn kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn, kí nọ́ọ̀sì yín sì máa wo awọ ara wọn kí ó tó fi wákàtí kún un fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti oògùn, ẹ bẹ dókítà yín kí ó wo ìwé gbogbo àgbà náà lẹ́ẹ̀kan, bóyá àwọn kan wà tí a lè kó pọ̀ sí àkókò kan náà. Dókítà ni kí ó pinnu rẹ̀ o. Bí nọ́ọ̀sì bá sì ń pín oògùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é, ìbáà jẹ́ ẹ̀yin gan-an. Ní ti àwọn tó ń fi yín sílẹ̀ lọ, ẹ má gbára lé ìlànà 2024 tí ó ní kí nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ní Nàìjíríà kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun. Ọdún méjì kò pẹ́. Rósítà tí ẹ tẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, tí ẹ kì í sì yí padà lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ni mo mọ̀ pé ó ń mú òṣìṣẹ́ dúró.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá mi wà nílé ìtọ́jú kan. Òṣìṣẹ́ wọn kò tó, mo sì ń rí i. Ṣé ohun kan wà tí èmi ọmọ lè ṣe, àbí kí n kàn máa san owó? — Olùkàwé kan, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Ó wà. Ẹ má ṣe lọ ní aago mẹ́rin ọ̀sán tí wọ́n ń sinmi. Àkókò oúnjẹ alẹ́ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín fún Màmá lóúnjẹ, nítorí pé àgbà tí ń rọra jẹun lè gba ìdajì wákàtí lọ́wọ́ olùtọ́jú tí ẹlòmíràn ń dúró dè. Ẹ kọ orúkọ Màmá sí inú aṣọ wọn gbogbo pẹ̀lú yíǹkì tí omi kì í fọ̀. Nílé tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, ìyá mẹ́ta ló ní ìró àdìrẹ kan náà, gbogbo ọjọ́ ìfọṣọ sì ni ìjà.