Ẹ Má Ti Orí Owó Ilé Bẹ̀rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. San Francisco ni wọ́n bí mi sí, mo sì máa jáde ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́dún yìí. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi tí òbí wọn wá láti Mẹ́síkò àti El Salvador ń kọ ìtàn àwọn Latino àdúgbò Mission sílẹ̀. Àwọn àgbà máa ń gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ tá a bá ti béèrè iye tí wọ́n ń san fún ilé, wọ́n á dákẹ́. Báwo ni ká ṣe é?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, mo gbé ìtòsí ibẹ̀ rí, mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Ẹ̀rù ni.

Láti 1979 ni ìlú yín ti fi ààlà sí ohun tí onílé lè fi lé owó àwọn ilé àtijọ́ lọ́dọọdún. Àmọ́ òfin ìpínlẹ̀ California ti 1995 gbà pé tí ayálégbé bá fúnra rẹ̀ kó jáde, kí onílé dá iye tó wù ú lé ẹni tuntun. Òfin Ellis ti 1985 sì jẹ́ kó lè lé gbogbo ará ilé, tó bá lóun ò gba ayálégbé mọ́. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé tóun bá fi lè jáde, òun ò lè rí ilé ní iye kékeré tóun ń san yẹn mọ́.

Nítorí náà, ẹ fi owó sílẹ̀ ná. Ẹ wá fọ́tò àtijọ́ òpópónà 24th Street ní Mission lọ sí Main Library, kẹ́ ẹ gbé e síwájú wọn. Ta ló ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù yìí? Ibo ló kó lọ? Kí ló dé tó fi kó lọ? Ọ̀rọ̀ owó ilé á jáde fúnra rẹ̀. Wọ́n á sọ̀rọ̀ Galería de la Raza fún yín, ìyẹn ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà àwọn Latino, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970, tí owó ilé sì lé kúrò ní òpópónà yẹn kan náà ní 2018. Bẹ́ẹ̀, láti 2014 nìjọba ìlú ti kéde pé agbègbè àṣà Latino ni ibẹ̀! Ó ṣì ń dùn mí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ gan-an. Onílé mọ iye tí ìyá àgbà ń san. Ohun tó lè má mọ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá tó dé láti Guatemala, tó ń sùn ní pálọ̀. Ẹ má kọ ìyẹn sílẹ̀ láé, ẹ má sì kọ nọ́ńbà ilé tàbí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Ẹ gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á fún wọn lédè Sípáníìṣì, kí wọ́n yọ èyí tí wọn ò fẹ́.

Tó bá jẹ́ iye àwọn tí wọ́n fún níwèé pé kí wọ́n jáde lẹ̀ ń wá, àkọsílẹ̀ Rent Board, àjọ ìjọba ìlú tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó ilé, wà láti 1997. Wọ́n kọ òpópónà síbẹ̀, wọn ò kọ orúkọ ayálégbé kankan.