Èsì: Pípààrọ̀ omi rédíétọ̀ nílé

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kubwa, ẹ béèrè bóyá ẹ lè da omi rédíétọ̀ Corolla 2005 yín nù fúnra yín, kí ẹ fi omi borehole rọ́pò rẹ̀. Dídà á nù kò le. Omi borehole ni kí ẹ gbàgbé: ohun tó ń di funfun sí ìdí ìkòkò á dí àwọn ihò tín-ín-rín inú rédíétọ̀. Kúláǹtì, ìyẹn omi aláwọ̀ tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, ni kí ẹ lò. Ó ń dènà ìpatà, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó nínú ooru Abuja yìí.

Kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí ìdérí o! Ẹ fi ọwọ́ tú kọ́ọ̀kì oníke tó wà nísàlẹ̀ rédíétọ̀. Bí ẹ bá fi púláyà fún un, ó lè kán. Bí omi tó jáde bá pọ́n bí ẹrẹ̀, ẹ fi distilled water (omi tí wọ́n ti yọ ohun tó ń di funfun yẹn kúrò nínú rẹ̀) ṣàn án títí yóò fi mọ́. Díẹ̀ á ṣẹ́ kù nínú ẹ́ńjìnì, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ da ògidì kúláǹtì bíi lítà 3 sí i, kí ẹ tó fi distilled water kún un. Gbogbo rẹ̀ ń gba bíi lítà 6.5.

Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná lẹ́yìn náà. Ẹ tan heater sí gbígbóná, ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnì. Bí thermostat, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi bí ẹ́ńjìnì bá gbóná, bá ṣí, omi á lọ sílẹ̀ lójijì. Ẹ máa fi kún un títí fáànù yóò fi tan, kí afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde sì dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò.